Ohun Tí Dókítà Sọ Tí Mi Ò Sọ Fún Ìyàwó Mi

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, torí ẹ lè fẹ́ gba ẹ̀dùn yín padà.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe. Ilé ìwé o, ọ́fíìsì o, ilé àdáni o, ẹni tó bá ti ní ògiri ló lè pè mí. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan tó ń bá àwọn hòtẹ́ẹ̀lì fọ aṣọ ibùsùn. Ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ ló máa ń dúró sí láti àárọ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Ìlú tí à ń gbé kọ́ ni wọ́n ti bí wa. Mo ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ kí ìyàwó mi tó wá bá mi, èdè wọn sì ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Òun ò gbọ́ ju kó kí ènìyàn, kó dúpẹ́, kó sì sọ pé kò yé òun.

"Agbẹnusọ mi" ló ń pè mí. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ni. Bí onílé bá wá, èmi ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá pe fóònù, èmi ni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gé ọ̀rọ̀ kù fún un. Bí onílé bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá, mẹ́ta ni mo máa ń sọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní ọwọ́ rẹ̀ ò yá, màá ní, "Ó ní o kú iṣẹ́." Mi ò pè é ní irọ́. Àánú ni mo pè é. Irọ́ tí a bá ń pè ní àánú, kíá ló ń dàgbà.

Ọdún mẹ́fà la fi wá ọmọ. Oyún méjì ló ti bàjẹ́, kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́ta nínú méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ìkejì bàjẹ́, ó jókòó sí etí agbada ìwẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé, ó ní, "Ẹ gbọ́, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe eléyìí lẹ́ẹ̀kẹta."

Ìkẹta wá dé. Ó kọjá oṣù mẹ́ta. Ó kọjá oṣù mẹ́rin. Ìyàwó mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ìkòkò. Ọ̀fun rẹ̀ ò dáa, orin náà a máa yà gba ọ̀nà tí kò yẹ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó o rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo wà lórí àkàbà, ọ̀dà funfun wà lápá mi, nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ máa bọ̀," ìyàwó mi ní. "Omi ń jáde lára mi. Kì í ṣe ìtọ̀. Kò dẹ̀ dúró."

* * *

Obìnrin ni dókítà náà, ó tín-ín-rín, ó ti awò ojú rẹ̀ sórí irun. Kó tó fọwọ́ kan ìyàwó mi rárá, ó kọjú sí mi, ó ní ṣé kí àwọn pe ògbufọ̀ lórí fóònù.

Mo ní, "Kò pọn dandan. Ọkọ rẹ̀ ni mí. Èmi náà ni ògbufọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ jiyàn. Èrò pọ̀ níta. Ó mi orí pé ó dáa.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú. A rí ọmọ náà. Ó ká jọ bí ẹni tó wà nínú yàrá tó há jù fún un. Ọkàn rẹ̀ ń lù kíkankíkan. Ìyàwó mi rí i, ó rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí dókítà sọ ní pípé fún yín, bí mi ò ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Àpò omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀ ti bẹ́. Omi tó kù níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ni oyún yìí. Bó bá wálẹ̀ lónìí, tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè mú un yè. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ dàgbà. Bí kò bá sí omi, kódà bó bá pẹ́ nínú, ó ṣeé ṣe kó má lè mí nígbà tó bá jáde. Àwọn kan máa ń yè é. Mi ò ní tàn yín, wọn ò pọ̀."

Ó dúró kí n túmọ̀. Mo ní kó máa bá a lọ, pé màá sọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Ó ní, "Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ká dúró, ká máa ṣọ́ ọ. Ewu ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Kòkòrò àrùn lè wọ ilé ọmọ, kó sì gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó lè ba ilé ọmọ jẹ́. Ó lè pa ìyàwó yín. Ìkejì ni ká fún un ní oògùn, kí oyún náà wálẹ̀ báyìí, kí ewu yẹn tó dé. Kò sí èyí tó dùn nínú méjèèjì. Òun ló máa yàn. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún un dáadáa: òun ló máa yàn, kò dẹ̀ sí ẹni tó ń lé e pé kó yàn lónìí."

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. "Kí ló wí?"

Ọ̀rọ̀ náà kún mi lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo lè sọ ọ́ láìṣìkan. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú mi bó ṣe jókòó sí etí agbada ìwẹ̀ lọ́jọ́sí, tó na ẹsẹ̀ síwájú. Mo sọ fún ara mi pé bó bá gbọ́ ọ̀nà kejì, òun ló máa gbà. Mo ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù. Mo ní àwọn kan máa ń yè é, dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù ká dé ibi tí wọ́n ti lè gba ọmọ là.

Mo ní, "Ó ní àpò omi ya díẹ̀. Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Kí o ṣáà lọ sinmi, kí o má gbé nǹkan wúwo, omi náà á tún padà kún."

"Ṣé kò sí ewu fún mi?"

"Kò sí."

Ó wo dókítà, ó wò mí. "Ohun tó sọ gùn ju ìyẹn lọ."

"O ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń yí ọ̀rọ̀ po kí wọ́n tó délé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Dókítà ní, "Kí ló yàn?"

"Ó ní òun máa dúró."

"Ṣé ewu rẹ̀ yé e?"

"Ó yé e."

Báyìí ni mo ṣe parọ́ fún ẹni méjì, ní èdè méjì, lórí ìjókòó kan ṣoṣo.

* * *

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó yẹ sí: kí ó máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bó bá ti dé méjìdínlógójì, kó wá lójú ẹsẹ̀. Bí inú bá ń run ún, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí omi náà bá ń rùn, kó wá lójú ẹsẹ̀. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ká a sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi.

Ẹ ò rí ọkọ tó dáa bí èmi lọ́sẹ̀ náà. Mo ń sè, mo ń fọ̀, mo ń gbá ilẹ̀. Mo gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, mo tún gbé òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé kí omi bẹ́ ni ẹ ń dúró dè kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà?" A jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Lọ́jọ́ Ẹtì a padà lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì kan gbé fóònù, ó ní òfin àwọn ni kí ògbufọ̀ wà. Mo ní ìyàwó mi kì í fẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara òun. Mo yí sí ìyàwó mi, mo ní, "Ó ní ṣé ò ń jẹun." Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì rí i tó mi orí, ó gbé fóònù náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó jẹ́ aránṣọ ní ìlú kejì, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò dẹ̀ wọ̀ ọ́ létí.

"Àna mi, kí ni dókítà wí gan-an?"

"Ó ní kó sinmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti bí ọmọ mẹ́rin. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé omi ọmọ bẹ́ ní oṣù karùn-ún kí wọ́n ní kí ènìyàn lọ nà gbalaja."

"Àwọn dókítà ibí mọ iṣẹ́ wọn."

Ó ní, "Hẹn. Ó dáa," bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò dáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ní òtútù ń mú òun. Oòrùn sì wà níta. Mo wọn ara rẹ̀: mẹ́tàdínlógójì àti díẹ̀. Mo bò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lé ní méjìdínlógójì. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á.

"Ṣé eléyìí ò pọ̀ jù?"

"Oyún máa ń mú ara gbóná," mo ní. Mo fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí méjì. Ìgbóná náà rọlẹ̀ díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ ò rí i bí, ó ti lọ.

Ọjọ́ náà yẹ kí a lọ fún àyẹ̀wò. Mo pe ilé ìwòsàn, mo ní a ò ní lè wá, ó di ọjọ́ Ajé.

Mo ti rò ó títí kí n tó kọ èyí. Bí mo bá ní nítorí ọmọ ni mi ò ṣe gbé e lọ, irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí a bá dé ibẹ̀, ẹnìkan máa béèrè ìbéèrè kan tí mi ò ní rí ọ̀nà yí po. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, irọ́ mi ni mò ń dáàbò bò. Ọmọ àti ìyá rẹ̀ ti di ẹ̀yìn.

* * *

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dúró níbẹ̀, àpò kan lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ló wọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Ó kọjá lára mi wọ yàrá, ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí àbúrò rẹ̀. Ló bá fà á padà.

"Yéè! Ara ọmọ yìí ń jó!" Ó ká aṣọ ìbora sókè, ó sì tún yí padà sí mi. "Ìwọ, ṣé imú rẹ ti di ni? O ò gbọ́ òórùn tó wà nínú yàrá yìí?"

Mo gbọ́ ọ. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ti ṣí fèrèsé.

Eyín ìyàwó mi ń lu ara wọn. Ó ń sọ pé, "Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ṣe dáadáa. Gbogbo iṣẹ́ ilé ló ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa gbé e lọ sí sàréè.

* * *

Dókítà kan náà la bá. Ó wo ìwọ̀n ìgbóná: mọ́kàndínlógójì kọjá. Ó gbá ọwọ́ ìyàwó mi mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ní apá kan, wọ́n ń so omi mọ́ ọn ní apá kejì.

Ó bi mí pé, "Ìgbà wo ni ibà yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí," mo ní.

"Kí ló ń bi yín?" ìyàwó mi ní.

Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró. Ó sọ̀rọ̀ sí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gbé fóònù kan wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi í sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyàwó mi.

Ohùn obìnrin kan jáde. Yorùbá tó ṣe kedere.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìrora. Ògbufọ̀ ni mí. Gbogbo ohun tí dókítà bá sọ ni màá sọ fún yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni màá sọ fún dókítà. Mi ò ní fi kún un, mi ò dẹ̀ ní yọ nínú rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí fóònù náà, mo rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ bá mi fi mọ níwọ̀n."

Ohùn náà ní, "Mo gbọ́ yín, sà. Mo ní láti túmọ̀ ìyẹn náà fún dókítà."

Ó sì túmọ̀ rẹ̀. Dókítà gbójú sókè láti ibi tó ti ń kọ nǹkan, ó wò mí pẹ́. Ẹ̀gbọ́n dìde lórí àga.

Ohùn náà ní, "Dókítà ní, ìgbà wo ni ibà bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀," ìyàwó mi ní.

"Dókítà ní, kí ló dé tí ẹ ò wá nígbà tó dé méjìdínlógójì, bí òun ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún yín?"

"Ìwé wo?"

"Dókítà ní, ìwé tí òun fún ọkọ yín."

Ìyàwó mi ò tíì wò mí. Àjà ilé ló ń wò. "Ẹ bi í pé kí ló tún sọ fún ọkọ mi."

Dókítà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kò yára, kò sì dáwọ́ dúró: pé àpò omi ti bẹ́, kì í ṣe pé ó ya díẹ̀. Pé omi náà kì í sábà padà. Pé ọ̀nà méjì ló wà. Pé ó lè pa á. Nígbà tó dé "òun ní ẹ̀yin lẹ máa yàn, kò dẹ̀ sí ẹni tó ń lé yín," ohùn náà gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún ara rẹ̀ ṣe.



Ìyàwó mi wá yí ojú sí mi.

"Ṣé o mọ̀?"

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mo jẹ́ fún un, kódà nígbà tí a bá ń jà. "O" yẹn ló kọ́kọ́ bà mí, kí ìbéèrè náà tó bà mí.

"Mo mọ̀," mo ní.

Ohùn náà túmọ̀ ìyẹn náà.

Dókítà ní kò sí ọ̀nà méjì mọ́ báyìí. Kòkòrò àrùn ti wọnú. Oyún náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyá á bá a lọ. Ó bi ìyàwó mi pé ṣé ó gbà. Ìyàwó mi ní òun gbà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún dókítà pé kí ọkùnrin yìí jáde."

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

* * *

Àga onírin méje ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Mo jókòó sórí gbogbo wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n jáde. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Obìnrin ni," ó ní. "Kò mí."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Wọ́n ń gbé e lọ sí iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní bí kò bá dá, wọ́n máa yọ ilé ọmọ." Ó jókòó, ó fi àga mẹ́ta sáàárín wa. "Má bá mi sọ̀rọ̀."

Wọn ò yọ ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí ikú ń wá, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ẹ̀gbọ́n fi di ọ̀nà mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì kan bi mí bóyá mo fẹ́ rí ọmọ náà. Mo rí i. Gbogbo ara rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Ó ti ní èékánná. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàwó mi ní kí wọ́n pè mí wọlé.

"Jókòó," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti há. "Kí ló dé?"

"Mo rò pé o máa ní kí wọ́n yọ oyún náà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Lẹ́yìn ìkejì, o ní..."

"Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kì í rẹ ènìyàn ni? Ó rẹ̀ mí, mi ò ní mi ò fẹ́ ọmọ." Ó sinmi kó tó tún sọ̀rọ̀. "Bóyá ǹ bá dúró. Bóyá ǹ bá ti jẹ́ kó lọ, lẹ́yìn tí mo bá ti fi ọjọ́ kan bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ká ní mo yàn láti dúró, ní Ọjọ́bọ̀ tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti fi ẹsẹ̀ mi rìn wá síbí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Dìde," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ yẹn ni."

* * *

Kò kó jáde. Àwọn ènìyàn rò pé ó máa kó jáde, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró tì í fún oṣù kan, àwọn méjèèjì ń sùn nínú yàrá, èmi ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ, mi ò kúrò lórí àga náà. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúrò.

Màmá mi pè mí láti ilé. Ó ní, "Ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Sọ fún un pé ìfẹ́ ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ má pè é ní ìfẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá fi ẹ̀mí rẹ̀ san án."

Ìyàwó mi lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sídìí tábìlì, á máa ka ọ̀rọ̀ jáde: ibà, ẹ̀jẹ̀, ewu, yàn. Mo ń gbọ́ ọ láti orí àga mi. Ó ń ṣi àwọn kan pè. Mi ò tọ́ ọ sọ́nà, torí kò bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹnu fún ẹlòmíràn, ìyàwó yín ni o, ìyá yín tó ti darúgbó ni o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gé e kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo jù fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe àlejò tí kò ní pín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin náà, bí omi bá bẹ́ kí oṣù tó pé, ẹ bi dókítà fúnra yín pé, "Kí ni ewu tó wà fún èmi? Kí ni mo lè yàn?" Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó gùn, tí ọkọ yín túmọ̀ èyí tó kúrú, ẹ ní kó tún un sọ. Bí òtútù bá sì dé, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo ti tọrọ àforíjì títí ó fi sú èmi pàápàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń di bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú, ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀. Má bi mí mọ́. Bí ọjọ́ náà bá dé, èmi ni màá sọ ọ́ fún ọ, pẹ̀lú ẹnu ara mi."

Ó mú àpò rẹ̀, ó jáde.

Ọdún kan àti oṣù méjì rèé. Kò tíì sọ ọ́.